Ìrìn-àjò Òǹkà sí Ibi tí Kò ti Ṣeé Pín Mọ́: Iye Òǹkà àti Bí A Ṣe Ń Kọ Ọ́

1.0 Ìfáàrà

Ó ti di àṣà láàrin àwa olùkọ́ èdè pé bí ọ̀rọ̀ ìṣirò bá ti délẹ̀, a ó fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Ohun tí a máa ń sọ ni pé òǹkà kò ní èdè: ogún ni ogún, ìbáà jẹ́ Yorùbá ló kà á, ìbáà sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí dé ìwọ̀n kan. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi hàn pé apá kan wà nínú ìmọ̀ òǹkà níbi tí àtubọ̀tán òǹkà kò ti dúró lórí iye rẹ̀ nìkan, tó jẹ́ pé bí a ṣe kọ iye náà sílẹ̀ ló ń pinnu ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí i. Ìbéèrè tí a ó fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò kò le. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti mọ pípín lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí síléètì. Síbẹ̀, àwọn onímọ̀ tó ní ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó lágbára jù lọ kò tíì rí ìdáhùn sí i.

2.0 Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó lò

Bí a bá mú 12, a lè fi 2, 3, 4 àti 6 pín in kí ó má ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n bí a bá mú 13, kò sí ohun tí a lè fi pín in láìṣẹ́kù àfi 1 àti 13 fúnra rẹ̀. Irú òǹkà bí 13 yìí ni a ó máa pè ní òǹkà aláìṣeépín. Àwọn tó wà láàrin 1 sí 20 ni 2, 3, 5, 7, 11, 13, 17 àti 19. Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún un ní tààrà lè pè é ní ‘òǹkà àkọ́kọ́’. A kò tẹ̀lé ìyẹn níhìn-ín, nítorí pé ‘àkọ́kọ́’ ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe nínú èdè wa fún títọ́ka sí ipò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́ ‘òǹkà àkọ́kọ́’ yóò rò pé èyí tó ṣáájú gbogbo òǹkà ni à ń sọ, bẹ́ẹ̀ 1 tó ṣáájú kò tilẹ̀ sí nínú agbo wọn. Àìṣeépín ni ìwà rẹ̀. Kí àìṣeépín náà jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Gbogbo òǹkà tó ju 1 lọ tí kì í ṣe aláìṣeépín ló ṣeé tú palẹ̀ sí àwọn òǹkà aláìṣeépín tí a sọ di púpọ̀. 60, fún àpẹẹrẹ, jẹ́ 2 × 2 × 3 × 5. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì wà láti tú u bẹ́ẹ̀, bí a kò bá ka bí a ṣe tò wọ́n sí. A ó máa pe 2, 2, 3 àti 5 ní ìpìlẹ̀ 60. Onímọ̀ mofọ́lọ́jì yóò rí i pé ohun tí à ń ṣe yìí fara jọ bí a ṣe ń tú ọ̀rọ̀ sí mọ́fíìmù: à ń tú u lọ títí a ó fi kan ibi tí kò ti ṣeé tú mọ́. Ìyàtọ̀ kan wà o. Àwa máa ń jiyàn lórí ibi tó yẹ kí a ti gé ọ̀rọ̀, ìyàn náà sì lè gba ọdún mẹ́wàá nínú jọ́nà. Ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn lórí ìpìlẹ̀ 60.

Eré tí a fẹ́ ṣàlàyé nìyí. A ó mú òǹkà kan, a ó tú u sí ìpìlẹ̀ rẹ̀, a ó fi àwọn ìpìlẹ̀ náà ṣe òǹkà tuntun gẹ́gẹ́ bí òfin kan ti wí. A ó tún tú òǹkà tuntun náà, a ó sì tún lo òfin yẹn kan náà. Bí a bá kan òǹkà aláìṣeépín, ìrìn-àjò parí, nítorí kò sí ohun tí a tún lè tú. Ìbéèrè ni pé: ṣé gbogbo òǹkà ni yóò gúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀?

3.0 Òfin àròpọ̀

Òfin tó rọrùn jù ni pé kí a ro àwọn ìpìlẹ̀ pọ̀. Ìpìlẹ̀ 60 di 2 + 2 + 3 + 5, èyí tó jẹ́ 12. Ìpìlẹ̀ 12 di 2 + 2 + 3, èyí tó jẹ́ 7. Aláìṣeépín ni 7. A ti gúnlẹ̀. Bí a bá mú 49, ohun tí a ó rí ni:

49 → 14 → 9 → 6 → 5

Níbí, a lè fi ọwọ́ sọ̀yà. Bí a bá mú òǹkà méjì èyíkéyìí tí kò sí èyí tó kéré sí 2 nínú wọn, àròpọ̀ wọn kì í ju ohun tí a ó rí lọ bí a bá sọ wọ́n di púpọ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tí méjèèjì dọ́gba ni ìgbà tí a bá mú 2 àti 2. Nítorí náà, gbogbo ìgbésẹ̀ ló ń mú òǹkà wálẹ̀. Ohun tó ń sọ̀ kalẹ̀ kò sì lè máa sọ̀ títí ayé. Dandan ni kó kanlẹ̀. Òǹkà 4 nìkan ló yàtọ̀, nítorí pé 2 + 2 tún jẹ́ 4, ó kàn dúró lójú kan ni. Yàtọ̀ sí i, gbogbo òǹkà tó ṣeé pín ló ń dé ibi aláìṣeépín.

Ohun tó yẹ kí a kíyè sí ni pé a kò béèrè bí a ṣe kọ òǹkà náà. Bí ẹnì kan bá fi ẹyọ owó ka 49 sílẹ̀, tí ó pín wọn ní méje-méje, tí ó sì ṣe gbogbo ìyókù láìkọ ohunkóhun, orí 5 náà ni yóò bá ara rẹ̀.

4.0 Òfin àkànpọ̀

Òfin kejì kò ro ìpìlẹ̀ pọ̀, ó ń kàn wọ́n pọ̀ ni. Ìpìlẹ̀ 4 ni 2 àti 2. A kọ wọ́n tẹ̀lé ara wọn láti orí èyí tó kéré jù, ó di 22. Ìpìlẹ̀ 22 ni 2 àti 11. Ó di 211, aláìṣeépín sì ni 211. Jeffrey Heleen wà lára àwọn tó kọ̀wé lórí irú àkànpọ̀ yìí ní àwọn ọdún 1990. Òǹkà aláìṣeépín tí ìrìn-àjò bá parí sí ni wọ́n ń pè ní ilé òǹkà tí a fi bẹ̀rẹ̀. 211 ni ilé 4. Ilé 10 sì ni 773:

10 → 25 → 55 → 511 → 773

Bí a bá wo àpẹẹrẹ wọ̀nyí, a lè rò pé eré ọmọdé ni. Ẹ jẹ́ kí a wá wo 8.

8 → 222 → 2337 → 31941 → 33371313 → …

Ìgbésẹ̀ mẹ́tàlá ni 8 gbé kí ó tó délé, ilé náà sì ni 3331113965338635107, òǹkà tí a fi àmì mọ́kàndínlógún kọ. Ẹ rántí pé 8 ni a fi bẹ̀rẹ̀. Kò sí ohunkóhun lára 8 tó sọ fún ni tẹ́lẹ̀ pé ọ̀nà rẹ̀ yóò jìn tó bẹ́ẹ̀.

Òfin yìí ní ìwà kan tó ṣe é sọ dájú. Òǹkà tuntun máa ń tóbi ju èyí tó bí i lọ nígbà gbogbo. Bí a bá kọ 7 síwájú 11, ohun tí a ṣe ní ti òótọ́ ni pé a fi 100 sọ 7 di púpọ̀, a sì fi 11 kún un. Bẹ́ẹ̀ 100 ti ju 11 lọ. Bí a ti ń kàn án pọ̀ ni ó ń ga sí i. Nítorí náà, òǹkà kankan kò lè padà sẹ́yìn, kò sì lè yí po. Ọ̀nà méjì péré ló wà níwájú rẹ̀: kó délé, tàbí kó máa gòkè lọ láìlópin.

Nínú gbogbo òǹkà tó wà láti 2 dé 100, 49 àti 77 nìkan ni a kò tíì mọ ilé wọn. Méjèèjì kò tilẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, nítorí pé 7 × 7 ni 49, ìgbésẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ sì gbé e sórí 77:

49 → 77 → 711 → 3379 → 31109 → 132393 → 344131 → …

Wọ́n ti bá 49 rìn ju ọgọ́rùn-ún ìgbésẹ̀ lọ, àmì tí a fi ń kọ òǹkà tó kàn sì ti ju 200 lọ dáadáa. Kò tíì délé. Ìdí tí iṣẹ́ náà fi ń falẹ̀ ni pé títú òǹkà gígùn sí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ohun tó le gan-an. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, àwọn onímọ̀ kan tú òǹkà kan tí a ń pè ní RSA-250, tí a fi àmì 250 kọ. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yà ìṣirò kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ṣe iṣẹ́ náà, nǹkan bí ọdún 2,700 ni yóò gbà á. Òtítọ́ ni pé RSA-250 jẹ́ èyí tí a dìídì ṣe kó le, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí a mọ irú ìgbó tí 49 ti wọ̀.

Ìdí wo ni àwọn onímọ̀ fi ń retí pé yóò délé? Òǹkà aláìṣeépín máa ń ṣọ̀wọ́n sí i bí òǹkà bá ti ń tóbi. Láàrin òǹkà tó ní àmì bí 100, nǹkan bí ẹyọ kan nínú 230 ni aláìṣeépín. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n kò tán, ẹni tó bá sì ń dán an wò láìdúró, ó yẹ kó bá a pàdé lọ́jọ́ kan. Ìrètí ni èyí, kì í ṣe ẹ̀rí. A ó rí i láìpẹ́ ohun tí irú ìrètí bẹ́ẹ̀ fojú rí.

5.0 Bí a bá kà á ní ogún-ogún

Akẹ́kọ̀ọ́ èdè tó bá fara balẹ̀ yóò ti máa béèrè pé ta ló ní kí a kàn án pọ̀ báyìí. Nígbà tí a kọ 2 àti 2 pọ̀ tí a pè é ní 22, ohun tó jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ ni pé ètò ìkọ̀wé tí à ń lò ń ka nǹkan ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Kò sí ohun tó sọ 2 àti 2 di 22 nínú ìwà òǹkà fúnra rẹ̀.

Òǹkà Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti mọ̀, ogún ló fi ṣe òpó. Adolphus Mann ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1887, Robert Armstrong sì tún ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1962. Ọgọ́ta jẹ́ ogún mẹ́ta. Àádọ́ta jẹ́ ọgọ́ta tí ó dín mẹ́wàá. Mọ́kàndínláàádọ́ta jẹ́ àádọ́ta tí ó dín ọ̀kan. Nípa bẹ́ẹ̀, orúkọ Yorùbá fún 60 ń sọ ìsọdipúpọ̀ fún wa, ṣùgbọ́n orúkọ 49 ń sọ àyọkúrò. Ẹni tó bá gbọ́ ‘mọ́kàndínláàádọ́ta’ kò ní ibi tí yóò ti rí méje lọ́nà méje nínú rẹ̀. Kò sí èdè tó fi gbogbo ìpìlẹ̀ òǹkà sínú orúkọ rẹ̀.

Yorùbá àtijọ́ kò ní àmì tí a ń tò sípò láti fi kọ òǹkà, nítorí náà a kò lè sọ pé báyìí ni àwọn baba wa ìbá ṣe ṣe é. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ní kí a má dán an wò pẹ̀lú ogún dípò mẹ́wàá. Nínú ètò bẹ́ẹ̀, ipò kìn-ín-ní jẹ́ ẹyọ, ipò kejì jẹ́ ogún, ipò kẹta jẹ́ irinwó, ipò kẹrin sì jẹ́ ẹgbàárin. Ẹ jẹ́ kí a fi 4 bẹ̀rẹ̀. Bí a bá kan 2 mọ́ 2, ohun tí a rí ni ogún méjì àti méjì, ìyẹn 42. Ìpìlẹ̀ 42 ni 2, 3 àti 7. Irinwó méjì, ogún mẹ́ta àti méje jẹ́ 867. Ìpìlẹ̀ 867 ni 3, 17 àti 17. Irinwó mẹ́ta, ogún mẹ́tàdínlógún àti mẹ́tàdínlógún jẹ́ 1557. Ìpìlẹ̀ 1557 ni 3, 3 àti 173. Nítorí pé ogún mẹ́jọ àti mẹ́tàlá ni 173, ipò méjì ni yóò gbà. A wá ní ẹgbàárin mẹ́ta, irinwó mẹ́ta, ogún mẹ́jọ àti mẹ́tàlá, èyí tó jẹ́ 25373. Ẹni tó bá ní sùúrù lè fi gbogbo òǹkà aláìṣeépín láti 2 dé 157 dán 25373 wò. Kò sí èyí tó pín in. Ó ti délé.

4 → 42 → 867 → 1557 → 25373

Bí a bá fi 2 ṣe òpó, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ti ń ṣe, 4 yóò kọjá lórí 10 àti 21, yóò sì gúnlẹ̀ sí 31. Òǹkà kan náà ni, òfin kan náà ni, ṣùgbọ́n ilé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: 211 fún ẹni tó ń fi mẹ́wàá kà, 25373 fún ẹni tó ń fi ogún kà, 31 fún ẹni tó ń fi méjì kà. Àwọn onímọ̀ ìṣirò kan kò ka eré yìí sí nǹkan pàtàkì nítorí èyí gan-an. Wọ́n ní ohun tó bá yí padà nítorí pé a yí ọ̀nà ìkọ̀wé padà kì í ṣe ìwà òǹkà. Wọn kò jẹ̀bi. Lójú tiwa, ibẹ̀ gan-an ni eré náà ti kan onímọ̀ èdè.

6.0 Òfin Conway

John Horton Conway, ọmọ ìlú Liverpool tó kọ́ni ní Yunifásítì Princeton lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí ó sì kú ní ọdún 2020, yí òfin àkànpọ̀ padà díẹ̀. A mọ̀ pé bí ìpìlẹ̀ kan bá fara hàn léraléra, a lè fi òǹkà kékeré tí a kọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ iye ìgbà: 60 jẹ́ 2² × 3 × 5. Conway ní kí a sọ òǹkà kékeré náà kalẹ̀ sórí ìlà, kí a sì kà á mọ́ àwọn yòókù. Bí ìpìlẹ̀ bá wáyé lẹ́ẹ̀kan péré, a kò ní kọ 1 sí i. 60 di 2235. Ìpìlẹ̀ ìyẹn ni 3, 5 àti 149, ó di 35149, a sì ti gúnlẹ̀. Ní ti 8, tó rin ìgbésẹ̀ mẹ́tàlá lábẹ́ òfin ìṣáájú, 2³ ni; ó di 23 lẹ́ẹ̀kan náà, ìrìn-àjò rẹ̀ sì parí.

Ìyípadà kékeré nínú àkọtọ́ ni èyí dà bí. Ṣùgbọ́n ó ti ba odi kan jẹ́. Lábẹ́ òfin ti ìṣáájú, òǹkà kì í sọ̀ kalẹ̀. Lábẹ́ ti Conway, ó ń sọ̀:

9 → 32 → 25 → 52 → 2213

32 jẹ́ 2⁵, ó sì di 25, èyí tó kéré sí i. Níwọ̀n bí òǹkà ti lè gòkè tí ó sì lè sọ̀, ọ̀nà kẹta ti ṣí sílẹ̀: ó lè yí padà bọ̀ sí ojú kan náà. Conway dá àbá pé gbogbo òǹkà ni yóò dé ibi aláìṣeépín níkẹyìn, ó sì fi ẹgbẹ̀rún dọ́là kan lé e fún ẹni tó bá fi ẹ̀rí hàn pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, James Davis mú òǹkà kan jáde: 13532385396179. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni 13 × 53² × 3853 × 96179. Ẹ kọ wọ́n tẹ̀lé ara wọn bí Conway ti wí: 13, 53, 2, 3853, 96179. Òǹkà náà ló tún padà wá gẹ́lẹ́, láìyingin. Kì í ṣe aláìṣeépín, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ní kúrò lójú kan láéláé. Àbá Conway ti wó.

Ohun tó dùn mọ́ wa jù nínú rẹ̀ ni pé kò gba ẹ̀rọ ńlá láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀nà tí irú òǹkà bẹ́ẹ̀ fi ṣeé wá nìyí. Ẹ jẹ́ kí a ya ìpìlẹ̀ tó tóbi jù, 96179, sọ́tọ̀. Bí a bá sọ àwọn tó kù di púpọ̀, 13 × 53² × 3853, a ó rí 140700001. Bí a bá kọ àwọn tó kù yẹn tẹ̀lé ara wọn, a ó rí 135323853. Ohun tí à ń fẹ́ ni pé kí 140700001 lọ́nà 96179 jẹ́ ohun kan náà pẹ̀lú 135323853 tí a kọ 96179 sí nídìí. Ẹ yọ 96179 kan kúrò ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ohun tó kù fún wa láti yẹ̀ wò ni bóyá 140700000 lọ́nà 96179 bá 13532385300000 dọ́gba. Òdo márùn-ún wà nídìí méjèèjì. Bí a bá gé wọn dànù, ọ̀rọ̀ di 1407 × 96179. Ẹ mú pẹ́ńsùlù. Ìdáhùn rẹ̀ ni 135323853.

Mo ti rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ń fi àpẹẹrẹ ogún tàbí ọgbọ̀n gbé òfin gírámà kalẹ̀, tí wọ́n á sì kọ ọ́ pé gbogbo gbólóhùn Yorùbá ló tẹ̀lé e. Òǹkà Davis yẹ kó wà lára ògiri yàrá wọn. Kí ènìyàn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti orí 1, yóò ti kọjá lára òǹkà tó lé ní tírílíọ̀nù mẹ́tàlá.

Síbẹ̀, wíwó àbá náà kò dáhùn ìbéèrè lórí àwọn òǹkà kéékèèké. Òǹkà Davis kàn fi hàn pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gúnlẹ̀ ni. Kò sọ èyí tí yóò gúnlẹ̀ àti èyí tí kò ní gúnlẹ̀. Lábẹ́ òfin Conway, gbogbo òǹkà láti 2 dé 19 ló ti dé ibi aláìṣeépín. Èyí tó kéré jù tí a kò tíì mọ òpin rẹ̀ ni ogún, òpó òǹkà Yorùbá gan-an. Èèṣì ni, a kò gbọdọ̀ fi ṣe nǹkan mìíràn. 20 jẹ́ 2² × 5, ó di 225. 225 jẹ́ 3² × 5², ó di 3252. Ó tún ń bá a lọ báyìí:

20 → 225 → 3252 → 223271 → 297699 → 399233 → 715623 → 3263907 → …

Wọ́n ti bá a rìn ju ọgọ́rùn-ún ìgbésẹ̀ lọ. Títí di àkókò tí a ń kọ àpilẹ̀kọ yìí, kò tíì kan òǹkà aláìṣeépín, kò sì tíì padà sórí òǹkà kankan tó ti kọjá rí.